Lẹ́tà ṣíṣí sí Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí èso areca tí òfin tábà kò mú

Sí Olùdarí Àgbà àti gbogbo ìgbìmọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé, Geneva.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Mi ò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí èso areca ní òfin tirẹ̀. Ẹ má ṣe kà á mọ́ tábà mọ́, ẹ má sì jẹ́ kó máa rí ẹ̀yìn tábà sá sí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ẹ ti mọ̀ pé èso yìí fúnra rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹnu, bí ẹyọ ewé tábà kan kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àdéhùn àgbáyé tó wà lọ́wọ́ yín lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tábà nìkan ló dè mọ́lẹ̀. Èkejì ń rìn fàlàlà.

Fún àwọn tó máa bá yín ka lẹ́tà yìí, èso areca ni kóró igi kan tó jẹ́ ìbátan ọ̀pẹ, tí wọ́n ń gbìn káàkiri gúúsù àti ìlà-oòrùn Éṣíà títí dé àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì. Wọ́n á là á, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ẹfun tí wọ́n fi omi pò sí i, wọ́n á sì fi ewé ìtàkùn betel dì í. Ẹlòmíràn á bu tábà mọ́ ọn, ẹlòmíràn á fi kànáfùrù tàbí ohun dídùn sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fi í há sí, wọ́n á máa rún un díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa tu itọ́ pupa. Ní Íńdíà paan ni, ní Myanmar kun-ya, ní Bhutan doma, ní Papua New Guinea buai. Láti àwọn ọdún 1970 sì ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ṣe é ní gbígbẹ, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú ọ̀rá pélébé: èyí tó ní tábà nínú ni gutka, èyí tí kò ní ni pan masala. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò ni pé nǹkan bí 600 mílíọ̀nù èèyàn ló ń jẹ èso yìí láyé. Bí a bá yọ tábà, ọtí àti kaféènì kúrò, kò sí ohun mìíràn tí aráyé ń lò tó o láti fi ta ara jí.

Ẹ ò lè ní ẹ ò gbọ́. IARC, ẹ̀ka yín tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní Lyon, ti sọ ọ́ ní 1985 pé ìdì betel tó ní tábà nínú ń fa jẹjẹrẹ. Nígbà náà, èèyàn ṣì lè di gbogbo ẹ̀bi ru tábà. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004 pa ẹnu onírú àwáwí bẹ́ẹ̀ mọ́: ìdì tí kò ní tábà ń fà á, èso areca fúnra rẹ̀ náà ń fà á. Ìpele Kìíní ni wọ́n tò ó sí, níbi tí sìgá, ọtí àti asbestos wà. Ní Oṣù Kẹwàá 2024, IARC kan náà tún gbé ìṣirò tuntun jáde nínú The Lancet Oncology. Nínú 389,800 èèyàn tí jẹjẹrẹ ẹnu mú ní gbogbo ayé ní 2022, 120,200 ló jẹ́ pé tábà àjẹnù tàbí èso areca ló fà á. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́ta. Íńdíà nìkan kó 83,400 nínú wọn, Bangladesh 9,700, Pakistan 8,900. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò wọ́pọ̀ kí a mọ ohun tó fa ìdá kan nínú mẹ́ta àrùn jẹjẹrẹ kan, kí ohun náà sì jẹ́ ohun tí ọmọ kékeré lè rà lójú pópó.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti jẹjẹrẹ. Bí a bá ti pe jẹjẹrẹ, etí gbogbo èèyàn ti máa ń là. Àrùn kan wà tó máa ń ṣáájú rẹ̀ dé, tí kì í pariwo, tó sì ń ba ayé èèyàn jẹ́ láìpa á. Oral submucous fibrosis ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹran tó wà lábẹ́ awọ inú ẹnu ló ń di àpá, àpá náà á máa le, ẹnu á máa há. Ọ̀gbẹ́ni Schwartz ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1952, lára obìnrin márùn-ún tó jẹ́ ọmọ Íńdíà tí wọ́n ń gbé ní Kenya. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni Joshi kọ tirẹ̀ láti Bombay. Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa àrùn tí gbogbo èèyàn ń pè ní ti Éṣíà, torí ibi tí èèyàn bá ṣí lọ ni ohun tó ń jẹ ń bá a lọ. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè kan ilẹ̀ òun, kó rántí ìyẹn.

Ata ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tó ti ń jẹ ata láti kékeré á ṣàdédé rí i pé ata ń jó òun lẹ́nu. Kódà oúnjẹ tó gbóná díẹ̀ á máa ta á. Egbò kéékèèké lè yọ nínú ẹnu, ẹnu sì lè máa gbẹ. Oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ata ni yóò dín kù, kò ní dín areca kù. Lẹ́yìn náà ni inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí ṣì, pupa tó yẹ kó wà níbẹ̀ á kúrò, á di ràkọ̀ràkọ̀ funfun. Bí dókítà bá ki ìka bọ̀ ọ́, tó fi tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà láti inú, yóò kan àwọn okùn líle tó nà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́bàá eyín ẹ̀yìn. Bó bá pẹ́ sí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yẹ kó máa fà bó ṣe wu olúwa rẹ̀ á gan bí awọ tí wọ́n sá gbẹ.

Ọ̀nà ìdíwọ̀n kan wà tí kò gba irinṣẹ́ kankan. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè to ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́ta lé ara wọn, kó sì kì wọ́n sáàrin eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ìyẹn máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 35 sí 50. Ẹni tí àrùn yìí ti ń ṣe á ki méjì. Tó bá yá, á ki ọ̀kan. Tó bá burú tán, ṣíbí kékeré kò ní lè gba iwájú wọlé, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n á dojú rẹ̀ kọ. Oúnjẹ tó bá ní egungun tàbí tó gba jíjẹ dáadáa á di èèwọ̀, ẹ̀kọ àti omi ọbẹ̀ lásán ni á kù. Búrọ́ọ̀ṣì kò ní dé eyín ẹ̀yìn mọ́, eyín náà á sì jẹrà, bẹ́ẹ̀ dókítà eyín tí ì bá yọ ọ́ kò rí ibi tí yóò ki irin iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Ahọ́n á le, kò ní lè yọ kọjá ètè. Bèlúbèlú á sún kì sókè ọ̀fun. Kò ní lè súfèé, kò ní lè fẹ́ iná àbẹ́là kú, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè yán bó ṣe yẹ. Etí àwọn mìíràn á máa di, torí àpá náà ti dé ibi ọ̀nà tó so ọ̀fun mọ́ etí.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ àrùn yìí kì í sábà ronú kàn. Ká ní iṣẹ́ abẹ ká irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́, kì í ṣe ti ẹnu o, ó lè jẹ́ ti ìfun tàbí ti ìbímọ. Dókítà tó máa fún un ní oògùn ìsùn ní láti gbé ọ̀pá èémí sínú ọ̀fun rẹ̀. Ẹnu kò là. Imú ló máa gbà á kọjá, pẹ̀lú ẹ̀rọ olójú títàn tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kékeré kò ní. Ìyẹn ni pé èso tí ẹnì kan ń jẹ ní ọjọ́ orí 16 lè di ohun tí yóò dá ẹ̀mí rẹ̀ dúró lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ní 30, fún àìsàn tí kò bá ẹnu tan rárá.

Kí ló wà nínú kóró yìí tó ń ṣe irú èyí? Arecoline ni ọ̀gá wọn. Òun ló ń ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun ẹran ara pé kí wọ́n máa hun kọ́lájẹ́ẹ̀nì, ìyẹn okùn tó ń di ẹran ara mú, jáde láìsinmi. Tannin inú kóró náà á sọ kọ́lájẹ́ẹ̀nì ọ̀hún di líle débi tí ara kò fi ní lè tú u palẹ̀ bó ṣe máa ń tú ti àtijọ́. Kọ́pà sì pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó ń ta lysyl oxidase jí, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tó ń so okùn kan mọ́ ìkejì. Ẹfun tí wọ́n fi pò ó náà ń ṣe tirẹ̀: ó ń tú arecoline sílẹ̀ nínú kóró, ó sì ń fín awọ ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí dáadáa. Tábà kò sí lára wọn.

Àpá náà kì í tún padà di ẹran. Bí èèyàn bá jáwọ́ nínú areca, àrùn náà lè má lọ síwájú mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti le ti le. Àwọn dókítà ń gún abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ìdì sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ń fi hyaluronidase, ẹ́ńsáìmù kan tó ń mú kí àpá rọ̀, kún un. Wọ́n ń ní kí aláìsàn máa to igi pẹlẹbẹ sáàrin eyín lójoojúmọ́, kó máa fi ọ̀kan kún un bí ẹnu bá ti ń là díẹ̀ sí i. Bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n á la àwọn okùn náà, wọ́n á sì fi ẹran láti ibòmíràn lẹ̀ ẹ́. Ìrora ni, owó gọbọi ni, bí aláìsàn bá sì dẹwọ́ nínú títo igi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹnu á tún padà há. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ernakulam, ní ìpínlẹ̀ Kerala, wọ́n tọ 66 aláìsàn lẹ́yìn fún ọdún 17. Márùn-ún nínú wọn ni jẹjẹrẹ ẹnu mú, ìyẹn 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta tó kù kò rí jẹjẹrẹ, àmọ́ mi ò mọ ẹni tó máa pe ẹnu tó há fún ọdún 17 ní àlàáfíà.

Mi ò sọ pé tábà kò ṣe nǹkan kan. Ó ń ṣe é, ó sì burú. Tábà àjẹnù kún fún nitrosamine, májèlé tó ń jẹ inú sẹ́ẹ̀lì. Ibi tí wọ́n ń fi ìdì náà há sí lọ́jọ́ gbogbo, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí lẹ́bàá èrìgì, ni àbàwọ́n funfun ti máa ń kọ́kọ́ yọ, ibẹ̀ náà ni jẹjẹrẹ sì máa ń bẹ́ sí. Ẹni tó ń da àwọn méjèèjì pọ̀, ewu tirẹ̀ ju ti ẹni tó ń lo ọ̀kan lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Tiyín kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀tẹ̀ méjì ló wà nílẹ̀, ẹ̀ ń pa ọ̀kan, ẹ sì ń wo èkejì níran.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ó ti ń jò. Abala Kìíní nínú àdéhùn yín lórí ìkáwọ́ tábà, èyí tó di òfin ní Oṣù Kejì 2005, sọ ohun tí ọjà tábà jẹ́: ohun tí wọ́n fi ewé tábà ṣe, yálà gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan rẹ̀, fún mímu, fífà lẹ́nu, jíjẹ tàbí fífín símú. Ọ̀rọ̀ náà yè kooro. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé bí ilé iṣẹ́ bá ti yọ ewé tábà kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀, ìkìlọ̀ tó gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ojú páálí kò kàn án mọ́. Ìdènà ìpolówó kò kàn án, òfin pé kí wọ́n má tà á fún ọmọdé kò kàn án.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní 2011, Íńdíà ṣe òfin oúnjẹ kan tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi tábà tàbí nikotíìnì sínú ohun jíjẹ. Láti 2012 ni àwọn ìpínlẹ̀ ti ń tẹ̀ lé e, Madhya Pradesh ló ṣáájú, wọ́n fòfin de gutka. Inú àwọn èèyàn dùn, inú tèmi náà ì bá dùn. Àwọn tó ń ṣe é kò tilẹ̀ janpata. Ọ̀rá kan di méjì. Ọ̀kan ní pan masala nínú, kò sí tábà níbẹ̀, òfin oúnjẹ kò rí i mú. Ọ̀kan ní tábà tí wọ́n lọ̀, tó ní òfin àti ìkìlọ̀ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ra wọn ni wọ́n so wọ́n kọ́ sí lójú ìsọ̀. Oníbàárà á ra méjèèjì, á ya ìkíní, á ya ìkejì, á dà wọ́n pọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ìka pò ó, á dà á sẹ́nu. Gutka náà nìyẹn o, àtẹ́lẹwọ́ oníbàárà ló di ilé iṣẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ tábà á ra ìkíní nìkan, á sì máa rò pé òun ti bọ́ nínú ewu, torí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé kò sí tábà nínú rẹ̀. Ohun tí òfin yọ kúrò ni wọ́n fi ń polówó.

Bhutan ṣe ju ìyẹn lọ. Ní 2004 wọ́n fòfin de títa tábà pátápátá, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo nígbà náà tó ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀, òfin náà sì wà títí di 2021. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n ń ta doma ní gbangba, wọ́n ń fi ṣàlejò, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní ọ́fíìsì. Ìdì areca àti ẹfun kan náà ni. Mi ò bá wọn wí. Ohun tí gbogbo ayé ń kígbe lé lórí ni wọ́n lé jáde.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó ni mi ò ní pẹ́ lé lórí, torí ẹni tó bá ti wo tẹlifíṣọ̀n Íńdíà rí ti mọ̀ ọ́n. Níbi tí wọn ò bá ti gbà kí wọ́n polówó tábà, orúkọ kan náà ni wọ́n á kọ sára pan masala tàbí elaichi, èso olóòórùn dídùn kan, wọ́n á sì pe gbajúmọ̀ òṣèré kó wá rẹ́rìn-ín sí i. Òṣèré Amitabh Bachchan yọwọ́ kúrò nínú irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá 2021, ó sì dá owó wọn padà. Ó ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ pé ẹ̀rí ọkàn òṣèré ni a ó máa fi káwọ́ ohun tí IARC tò sí Ìpele Kìíní.

Nínú ìwé tí àwọn aṣọ́bodè gbogbo ayé fi ń pe orúkọ ọjà, èso ni areca, nọ́ńbà 0802.80. Obì ló ṣáájú rẹ̀, 0802.70. Wọ́n tò ó mọ́ álímọ́ńdì àti àwọn èso jíjẹ tó kù, bí ẹni pé oúnjẹ ni. Mo mọ̀ pé ìwé náà kì í ṣe tiyín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí ojú tí ayé òwò fi ń wò ó.

Àwọn kan ti gbìyànjú, ẹ sì lè kọ́gbọ́n lára wọn. Ní 2013, wọ́n fòfin de títa buai ní Port Moresby, olú-ìlú Papua New Guinea. Itọ́ pupa tó ń ba ìgboro jẹ́ ló ká wọn lára ju àrùn lọ. Àwọn obìnrin tó ń tà á lójú ọ̀nà ni ọlọ́pàá ń lé kiri, owó rẹ̀ wọ́n, ọjà náà sì wọ abẹ́lẹ̀. Òfin ọ̀hún kò lè dúró. Èmi ò ní kí ẹ gba irú ìyẹn níyànjú fún ẹnikẹ́ni. Ìyá tó ń ta kóró méjì mẹ́ta lórí àtẹ kọ́ ni ọ̀tá. Ní Ṣáínà, níbi tí àwọn ará Hunan ti ń jẹ èèpo rẹ̀ gbígbẹ láìfi tábà sí i, ìjọba pàṣẹ ní Oṣù Kẹsàn-án 2021 pé kí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ìkànnì àwòrán má polówó rẹ̀ mọ́. Ìyẹn gbọ́n jù, àwọn tó ní owó ìpolówó lọ́wọ́ ló bá wí.

Ẹ dárí jì mí, mo ní láti dárúkọ Taiwan. Mo mọ̀ pé kò ní àga nínú ìpàdé yín. Ṣùgbọ́n òun ló fi hàn gbangba pé areca kò nílò tábà kó tó pani: wọn kì í fi tábà sínú ìdì tiwọn, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ẹnu wà lára èyí tó ń pa àwọn ọkùnrin wọn jù. Wọ́n wá ń yẹ ẹnu àwọn tó ń jẹ ẹ́ àti àwọn tó ń mu sìgá wò lọ́fẹ̀ẹ́, láti ọmọ 30 ọdún, ní ọdún méjì-méjì. Wọ́n tún ti fún àgbẹ̀ tó bá gé igi areca rẹ̀ lówó kó lè gbin nǹkan mìíràn.

Yíyẹ ẹnu wò kì í ṣe iṣẹ́ olówó ńlá. Ní Trivandrum, ní Kerala kan náà, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, tí kì í ṣe dókítà, bí wọ́n ṣe máa lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n fi ojú lásán àti iná wo inú ẹnu àwọn èèyàn. Èsì rẹ̀ jáde nínú The Lancet ní 2005: láàrin àwọn tó ń lo tábà tàbí ọtí, ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ ẹnu fi 34 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Kò sí ẹ̀rọ ńlá níbẹ̀, kò sí yàrá àyẹ̀wò. Gbogbo ohun tó gbà ni kí ẹnì kan sọ pé, "Ẹ ya ẹnu, ẹ jẹ́ n wò ó." Bí ẹnu kò bá sì yà, ìyẹn náà ti jẹ́ èsì àyẹ̀wò.

Àwọn tó ń jẹ areca kò ya òmùgọ̀ o. Arecoline ń wọ ọpọlọ, ó sì ń di bárakú. Ẹni tó bá dá a dúró á máa kanra, orí lè máa fọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ á máa wá a. Ìyà ìdúró sìgá ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu sìgá lè rí ẹni tó máa gbà á nímọ̀ràn, ó lè rí oògùn. Ta ló wà fún ti areca? Ní Guam àti Saipan, erékùṣù méjì ní òkun Pàsífíìkì, wọ́n ti wo ètò ìdásígádúró, wọ́n tún un ṣe fún àwọn tó ń jẹ areca, wọ́n sì dán an wò. Irú rẹ̀ ṣeé ṣe, èèyàn ló kù kó mú un lọ sí Karachi, Dhaka àti Yangon.

Ẹ ó ní kí n sọ ohun tó wà níkàáwọ́ yín. Abala 19 nínú ìwé òfin yín ló bí àdéhùn tábà, òun náà lẹ tún lò ní Oṣù Karùn-ún 2025 fún àdéhùn lórí àjàkálẹ̀ àrùn. Mo mọ̀ pé àdéhùn tuntun lè gba ọdún mẹ́wàá, n kò sì ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Abala 23 wà, tó fún Ìpàdé Àpapọ̀ yín láṣẹ láti gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú. Kò nílò ìfọwọ́sí kankan ní ilé aṣòfin. Ẹ fi sọ fún wọn pé kí èso areca tí wọ́n rọ sínú ọ̀rá fún jíjẹ, tábà ì báà wà nínú rẹ̀ tàbí kó má sí, gbé irú ìkìlọ̀ kan náà, kí ìpolówó rẹ̀ dúró, kí wọ́n má tà á fún ọmọdé, kí wọ́n má fi adùn ọmọdé sí i. Ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ náà fi àwòrán ẹnu tó há hàn, kì í ṣe ti jẹjẹrẹ nìkan, torí ọmọ ọdún 17 kò bẹ̀rù jẹjẹrẹ, àmọ́ á bẹ̀rù pé òun kò ní lè jẹun níwájú ọ̀rẹ́ òun. Ìwádìí ilé dé ilé tí ẹ ń bá àwọn ìjọba ṣe lórí tábà, ẹ fi ìbéèrè areca lásán kún un níbi gbogbo. Ètò ìlera ẹnu tí ẹ gbé kalẹ̀ fún 2023 sí 2030 ti wà nílẹ̀, ẹ fi owó àti òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹnu wò sí i ní àwọn ilẹ̀ tí èso yìí ti gbilẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn àgbẹ̀. Íńdíà ló ń gbin areca jù láyé, ìpínlẹ̀ Karnataka ló sì ń gbin èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló jẹ́ pé igi yìí ló ń rán ọmọ wọn nílé ìwé. Abala 17 nínú àdéhùn tábà rántí àwọn tó ń gbin tábà, ó ní kí ìjọba ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí ohun mìíràn ṣe. Òfin areca tí kò bá ní irú abala bẹ́ẹ̀, àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ dojú ìjà kọ ọ́, wọn kò sì ní jẹ̀bi.

Nígbà tí ẹ fi noma kún àkójọ àwọn àrùn tí aráyé pa tì ní Oṣù Kejìlá 2023, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ló ṣáájú àwọn tó bẹ̀bẹ̀ fún un. Àrùn ẹnu ni, àrùn òtòṣì ni, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi wà nílẹ̀ kí ẹnì kan tó gbé ìwé rẹ̀ wá síwájú yín. Oṣù Karùn-ún ni Ìpàdé Àpapọ̀ yín máa ń wáyé. Orílẹ̀-èdè kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ areca dé iwájú ìgbìmọ̀, àwọn tó yẹ kó gbé e sì ni àwọn tí òwò rẹ̀ ti wọ̀ lára jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ́ra. Àwọn òṣìṣẹ́ yín lè bá ọ̀kan nínú wọn kọ ìwé náà, kí wọ́n sì wá ẹni kejì tí yóò ti orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ fi iṣẹ́ náà lé ẹnì kan lọ́wọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ kí àkókò ìforúkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ìpàdé tó ń bọ̀ tó kọjá.

Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkọ̀wé kan lórí ọ̀rọ̀ ìlera